Ẹ Jẹ́ Ká Ka Ara Wa Kí Omi Tó Dé

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ ọmọ bíbí abúlé wa létí ọ̀sà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀pẹ́, nìyí. Àwọn tí kò ráyè wá ní kí n kọ ọ́ síta. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́.

Bàbá wa Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ̀yin ìjòyè, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìyálọ́jà àti gbogbo ìyá ẹlẹ́ja, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìdájí. Bàbá Lèmọ́mù, Bàbá Pásítọ̀, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ̀yin apẹja, ẹ kú odò. Ẹ̀yin àgbẹ̀, àroko bọ́dún dé o. Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ti Èkó wá, ẹ káàbọ̀ sílé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn nítorí pé àga kò tó, ẹ kú ìdúró, mi ò ní pẹ́ jù.

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ pè mí, ó ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, torí ó mọ̀ pé tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí omi. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀ẹ̀rùn la wà yìí o. A kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn." Mo ní òótọ́ lo sọ, ṣùgbọ́n ìgbà wo la máa ń gun òrùlé láti dí ibi tó ń jò? Ṣé ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ ni? Ó dákẹ́. Bí mo ṣe dé iwájú yín lónìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn kan. Àwọn àgbà tó jókòó síbí mọ̀ ọ́n, àwọn ọmọdé ni mò ń sọ ọ́ fún.

Mo wà ní kíláàsì kẹrin ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Oṣù Kẹwàá ni. Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí bàbá mi ni mò ń gbé, nínú ilé alámọ̀ tí wọ́n fi páànù bò, tí kò jìnnà sí etí omi rárá. Lóru, igbe ewúrẹ́ ló jí wa. Ìyá àgbà sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ látorí bẹ́ẹ̀dì, ó pariwo. Omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí á tó wá àtùpà rí, ó ti dé orókún mi.

Ta ló gbà wá? Kì í ṣe ìjọba. Kì í ṣe panápaná. Apẹja kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa ni. Ó tú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń fi àjẹ̀ tì í láti ilé dé ilé, ó ń gbá fèrèsé, ó ń ké pé, "Ẹ jáde o! Ẹ jáde o!" Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló lọ tó bọ̀ lóru yẹn láti ìsàlẹ̀ dé ilé ìwé tó wà lórí òkè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo wa ti kún inú kíláàsì. Ọmọdé ń sunkún, ewúrẹ́ ń ké, ìyá kọ̀ọ̀kan sì ń wo ojú àwọn ọmọ tirẹ̀ pé wọ́n pé. Olúkúlùkù wo tirẹ̀. Kò sí ẹni tó wo ti abúlé.

Oòrùn ti kanrí kí ẹnì kan tó béèrè pé, "Ìyá ẹlẹ́ní ńkọ́?"

Opó ni ìyá yìí. Kò bímọ. Ẹní ló ń hun, ilé rẹ̀ ló sì kẹ́yìn pátápátá, lẹ́yìn igi ọ̀gọ̀rọ̀. Ọkùnrin méjì wa ọkọ̀ lọ. Wọ́n bá a lórí bẹ́ẹ̀dì tó ti fi odó àti àpótí gbé sókè, ó wé ẹní mọ́ra, omi kù díẹ̀ kó kàn án. Ó wà láàyè. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ fún wọn, mo ti darúgbó báyìí, mi ò tíì gbàgbé rẹ̀. Ó ní, "Mo gbọ́ ohùn yín lóru. Mò ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń gbá fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní ẹ máa tó dé ọ̀dọ̀ mi."

Òtútù ọjọ́ náà kò fi í sílẹ̀. Kò pé oṣù méjì tí a fi sin ín.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣé ìkà ni wá ni? Rárá o. Ṣé a kórìíra ìyá náà? Orí ẹní rẹ̀ ni gbogbo wa ń sùn. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? A kò kà á. Ohun tí mo bá wá nìyẹn o. Ibi tí èèyàn kò bá pọ̀ sí, kíkà ni wọ́n máa ń gbàgbé láti kà wọ́n. Ará ìta á gbàgbé wọn, ìjọba á gbàgbé wọn, àwọn fúnra wọn náà á gbàgbé ara wọn. Omi nìkan ni kì í gbàgbé ẹnikẹ́ni. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa.

ÒJÒ TÍ KÒ RỌ̀ SÓRÍ WA

Ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́ nìyí: níbo ni omi yẹn ti wá? Ẹ rántí, lóru ọjọ́ tí mo sọ yẹn, òjò kò rọ̀ ní abúlé wa. Ìràwọ̀ wà lójú ọ̀run. Àwọn àgbà ìgbà náà ní odò ló ń bínú. Mi ò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n ìmọ̀ jọ́gíráfì tí mo fi kọ́ ọmọ fún ọdún pípẹ́ fi ọ̀nà tí ìbínú náà gbà wá hàn mí.

Odò Ọ̀ṣun ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ Èkìtì, ní apá Ìgèdè. Ó gba Òṣogbo kọjá, níbi tí wọ́n ti ń bọ ọ́ lọ́dọọdún. Ó dé Aṣẹ́jirẹ́ lẹ́bàá Ìbàdàn, wọ́n fi dáàmù sé e níbẹ̀ kí àwọn ará Ìbàdàn lè rómi mu. Lẹ́yìn náà ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú sọ̀kalẹ̀, ó sì já sínú ọ̀sà ní agbègbè wa níbí. Ṣé ẹ rí i? Òjò tó rọ̀ sórí páànù ẹlòmíràn ní Ọ̀ṣun lánàá, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀ wá sílé wa. Bí ó bá rọ̀ púpọ̀ lọ́hùn-ún, oòrùn lè máa ràn níbí kí omi sì máa gòkè.

Bí ó bá sì dé, ibo ló ń gbà jáde? Ọ̀sà Lẹ́kì wà ní ìlà oòrùn wa, ọ̀sà Èkó wà ní ìwọ̀ oòrùn wa, àwa wà ní ọrùn tó so méjèèjì pọ̀. Gbogbo omi yìí gbọ́dọ̀ rìn dé Èkó, níbi tí ọkọ̀ òkun ńláńlá ń gbà wọ Àpápá, kó tó ríbi bọ́ sínú òkun. Ẹ fi wé agbada ńlá kan tí odò mẹ́ta, mẹ́rin ń rọ́ omi sí, tó sì jẹ́ pé ihò kan ṣoṣo ló ní ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ìgbà tí òkun bá sì kún, òkun náà á ti omi padà láti ẹnu ihò yẹn. Ẹ̀yin apẹja mọ èyí jù mí lọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi kíkún àti fífà omi mọ ìgbà tí ẹ máa ju àwọ̀n.

Ìgbà méjì ni òjò ń le jù lọ́dọ̀ wa: Oṣù Kẹfà sí Oṣù Keje, àti Oṣù Kẹsàn-án sí Oṣù Kẹwàá, ó sì máa ń sinmi díẹ̀ nínú Oṣù Kẹjọ. Èyí èkejì ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Kí nìdí? Nígbà yẹn, ilẹ̀ ti mu yó, odò ti kún, dáàmù náà ti kún. Ẹ bi àwọn ará Májídùn àti Ajégúnlẹ̀ ní apá Ìkòròdú. Odò Ògùn ni tiwọn, dáàmù Ọ̀yán tí wọ́n ṣí ní ọdún 1983 sì wà lókè wọn. Bí dáàmù bá kún, wọ́n gbọ́dọ̀ tú omi sílẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí bí wọn kò bá tú u, tí ó bá fi agídí já, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. A rí i ní Maiduguri, ní ọjọ́ 10 Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, nígbà tí dáàmù Alau já tí omi sì bo ìlú.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan há ibí yìí, nítorí ó ń dùn mí. Irà tó yí wa ká yìí, tí àwọn ọmọ ìgbà yìí ń pè ní ilẹ̀ tí kò wúlò, àpò omi ni. Omi tó pọ̀ jù ló máa ń lọ sùn síbẹ̀. Bí ẹ bá da yẹ̀pẹ̀ kún irà kí ẹ lè ta á ní púlọ́ọ̀tì, omi tó ń sùn níbẹ̀ kò kú. Ó lọ wá ibòmíràn sùn ni. Ẹ máa ta ilẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ tà, ṣùgbọ́n kí ẹni tó tà á mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé yàrá ìyá rẹ̀ ló fi ṣe ibùsùn fún omi.

ÌṢIRÒ TÓ FOJÚ FÒ WÁ

Ọ̀rọ̀ mi kejì. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní ìṣirò kan tí àjọ wọn tó ń rí sí ọ̀ràn pàjáwìrì, FEMA, ń ṣe. National Risk Index ni wọ́n ń pè é. Wọ́n mú oríṣi ewu 18: àkúnya omi, ìjì, ààrá, iná igbó, ilẹ̀ tó ń mì tìtì, ọ̀dá, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n wo iye ohun tí ewu kọ̀ọ̀kan lè bà jẹ́ lọ́dún ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ẹ̀mí, ilé, irè oko. Wọ́n tún wo bí àwọn aláìní ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó, àti bí wọ́n ṣe lágbára tó láti dìde padà. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ìjọba ìbílẹ̀ kan wà ní Texas tí wọ́n ń pè ní Loving County. Ilẹ̀ rẹ̀ gbòòrò ju gbogbo Ẹ̀pẹ́ lọ. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní ọdún 2020, mélòó ni wọ́n bá níbẹ̀? Mẹ́rinlélọ́gọ́ta! Èèyàn 64 péré, nínú ilẹ̀ tó gbòòrò tó bẹ́ẹ̀. Bí ìjì bá jà níbẹ̀, ilé mélòó ló fẹ́ wó? Bí wọ́n bá ṣírò àpapọ̀ òfò, ibi tó dà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ nínú ìwé, nítorí pé èèyàn àti dúkìá tó lè ṣòfò níbẹ̀ kò pọ̀. Ìyẹn kò sọ pé ẹ̀fúùfù wọn rọ̀ ju ti ìlú ńlá lọ. Ilé mẹ́wàá wó ní ìlú tó ní ọ̀kẹ́ márùn-ún ilé, òfò kékeré ni. Ilé mẹ́wàá wó ní abúlé onílé méjìlá, abúlé náà ti tán. Ṣùgbọ́n mẹ́wàá ni mẹ́wàá lórí ìwé.

Ẹ gbé e wá sílé. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀pẹ́, láti ibí dé Ẹ̀jìnrìn dé Àgbówà dé Ìtóìkín, wọ́n ní èèyàn 181,409 ló wà níbẹ̀. Lagos Island nìkan, tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn já láàárọ̀ kan, wọ́n ní 209,437. Bí ẹ bá jẹ́ gómìnà, tí owó tó wà lọ́wọ́ kò sì tó, ibo lẹ máa kọ́kọ́ gbẹ́ gọ́tà? Mi ò bú ìjọba o. Mò ń sọ bí ìṣirò ṣe ń rìn ni.

Ní ọdún 2012, omi ya ní orílẹ̀-èdè yìí, NEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀ràn pàjáwìrì, ní èèyàn 363 ló kú, tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì tó sá nílé. Ní 2022, ó tún ya, àwọn tó kú lé ní 600, àwọn tó sá nílé lé ní mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ lọ́nà ogún. Ẹ wo àwọn iye ńlá yìí dáadáa. Irú ikú tí ìyá ẹlẹ́ní kú, ṣé ó lè wọ inú irú ìwé bẹ́ẹ̀? Kò rì sómi. Òtútù ló pa á, kí oṣù méjì tó pé, lórí ẹní tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun, nínú ilé tó kẹ́yìn ní abúlé tí ọ̀nà ọkọ̀ kò dé. Ta ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀?

OHUN TÍ ERÉKÙṢÙ KAN KÒ GBÀGBÉ

Ó ní ibì kan tí mo fẹ́ mú yín lọ. Ó jìnnà, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ibẹ̀ jọ wá. Erékùṣù ni, Simeulue ni wọ́n ń pè é, ní orílẹ̀-èdè Indonéṣíà. Apẹja ni wọ́n, àgbẹ̀ ni wọ́n. Ní ọdún 1907, ilẹ̀ mì tìtì níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, òkun fà sẹ́yìn, ẹja ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí iyanrìn. Àwọn èèyàn sáré lọ ń ṣa ẹja. Òkun padà dé bí òkè ńlá, ó sì gbé wọn lọ.

Àwọn tó ṣẹ́kù kò ní ìwé, wọn kò ní rédíò. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n fún un lórúkọ. Wọ́n pè é ní smong. Wọ́n fi kọrin fún ọmọ tó ń sunkún oorun. Wọ́n fi pa ìtàn ní alẹ́. Gbogbo ọmọ tí a bá bí níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n: bí ilẹ̀ bá mì tìtì, tí òkun bá sì fà sẹ́yìn, má wo ẹja, sá lọ sórí òkè.

Ó tó ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ àwọn tó fojú rí ti 1907 ti kú. Ní ọjọ́ 26 Oṣù Kejìlá ọdún 2004, ilẹ̀ tún mì. Ẹnì kan kígbe pé, "Smong!" Gbogbo erékùṣù sá gun òkè. Òkun dé, ó wó ilé wọn. Èèyàn bí 78,000 ló ń gbé níbẹ̀. Mélòó ló kú? Méje. Méje péré. Ní ìyókù Indonéṣíà, ó lé ní 150,000.

Orin ìrẹmọ́ ló gbà wọ́n là, ẹ̀yin èèyàn mi. Orin ìrẹmọ́!

Ó wá yẹ kí n bi wá. Ṣé àwa kò mọ̀ ọ́n rántí ni? Lọ́dọọdún ni àwọn ará wa ní Èkó Ẹ̀pẹ́ ń ṣe ọdún Káyòkáyò, wọ́n ń rántí bí Kòsọ́kọ́, Ọba Èkó nígbà náà, àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe gba orí omi sá wá síbí nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé wọn ní Èkó ní 1851. Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún, ọmọdé sì ń jó o lónìí. Ìyẹn ni pé a mọ̀ ọ́n rántí. Ṣùgbọ́n lánàá, mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́ mẹ́rin níbí pé, omi tó ya wọlé gbẹ̀yìn, ibo ló dé lára ògiri ilé ìwé? Ọ̀kan ní orókún, ọ̀kan ní ìbàdí, ọ̀kan ní kò tiẹ̀ dé ilé ìwé. Ẹ̀kẹrin ní òun kò sí nílé. Omi tí kò tíì pẹ́ o! Bí a kò bá lè sọ ibi tí omi àná dé, báwo la ṣe fẹ́ mọ ibi tí a máa sá sí lọ́la?

Ẹnì kan lè ní orin nìkan kò tó, ayé ti di ayé íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ ká wo Bangladesh. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 1970, ìjì láti orí òkun pa èèyàn tí wọ́n fojú bù sí ọ̀kẹ́ márùndínlógún, ó kéré tán. Ní 1972 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọ̀dọ́ abúlé jọ, wọ́n fún wọn ní àsíá àti gbohùngbohùn ọwọ́, wọ́n ní bí ẹ bá gbọ́ ìkìlọ̀ lórí rédíò, ẹ lọ láti ilé dé ilé. Ìjì ńlá mìíràn jà ní 2007, àwọn tó kú jẹ́ nǹkan bí 3,400. Ó ṣì pọ̀, àánú wọn ṣe mí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀kẹ́ márùndínlógún, kí ẹ wo iye yìí. Kò sí ohun tó dá ìjì dúró. Ẹni tó lọ gbá fèrèsé wà lára ohun tó ṣe é. Bíi ti apẹja wa lóru ọjọ́ yẹn.

ÀWỌN EWU YÒÓKÙ

Mi ò ní pẹ́ níbí, torí ọ̀rọ̀ omi ló gbé mi wá.

Ìjì tó ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀, láti Oṣù Kẹta sí Oṣù Karùn-ún, òun ló ń ṣí páànù. Ẹ lọ wo òrùlé ilé ìwé yìí nísinsìnyí tí ilẹ̀ ṣì gbẹ: ìṣó mélòó ló ti jábọ́? Ẹ kàn án padà. Ẹ gé ẹ̀ka igi tó rọ̀ sórí ilé. Ẹ̀yin apẹja, bí ẹ bá ti gbọ́ ààrá, ẹ fi àwọ̀n sílẹ̀ kí ẹ wá sébùúté. Lórí omi, ẹ̀yin lẹ ga jù, ẹni tó ga jù sì ni mànàmáná ń wá. Mo mọ̀ pé àwọ̀n wọ́n. Ẹ ṣáà fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí omi bá fà, kànga ni ewu kù sí. Omi ìdọ̀tí ti wọ inú rẹ̀. Àrùn onígbáméjì tó jà ní Èkó ní Oṣù Kẹfà ọdún 2024, inú omi àti oúnjẹ tí kò mọ́ ni irú rẹ̀ ń gbà wọlé síni lára. Ẹ se omi kí ẹ tó mu ún, kódà bí ó bá mọ́ lójú.

Ọmọ wa kan bi mí bóyá ilẹ̀ lè mì tìtì níbí. Ó mì díẹ̀ ní apá Ìjẹ̀bú-Òde ní 1984, àwọn àgbà kan rántí. Ìyẹn kọ́ ló ń ba oorun mi jẹ́. Ohun tó ń ba oorun mi jẹ́ ni Ayétòrò, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ọdún 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ tẹ ìlú náà dó sétí òkun, ìlú tí gbogbo èèyàn ń pọ́n lé nígbà kan. Òkun ti jẹ òpópónà rẹ̀, ó ti jẹ ilé, ó ṣì ń jẹ lọ. Ìyàtọ̀ wà láàárín òkun àti ọ̀sà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó.

OHUN TÍ MO WÁ BẸ̀BẸ̀ FÚN

Bàbá wa Baálẹ̀, ẹ fojú rere wò mí. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún kò ná wa lówó púpọ̀, ṣùgbọ́n ó lè ṣòro lẹ́nu.

Mo fẹ́ kí a ka ara wa.

Mo gbọ́ bí àwọn ìyá kan ṣe mí kanlẹ̀. Mo mọ ohun tí ẹ ń rò. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ilé wa ni wọ́n ti bí èmi náà, mo mọ èèwọ̀. Mo sì mọ̀ pé nígbà àwọn bàbá wa, ẹni tó bá wá kà wọ́n, owó orí ló fẹ́ gbà, igbó ni wọ́n sì ń sá sí. Ìbẹ̀rù yẹn kò tíì kúrò lára wa tán. Nítorí náà, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni ka ọmọ ẹlòmíràn. Ohun tí mo ní ni kí olúkúlùkù fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ, kí a kọ orúkọ náà sílẹ̀. Orúkọ la máa kọ. A ò ní kọ iye. Orúkọ ẹni, ilé tó ń gbé, àti bóyá ó lè dá rìn lóru tàbí kò lè dá rìn. Arúgbó, afọ́jú, aboyún, ìyá ọmọ tuntun, àwọn yìí ni ọkọ̀ yóò kọ́kọ́ lọ gbé. Kí a sì kọ orúkọ aládùúgbò kan sí iwájú orúkọ wọn, ẹni tí yóò sọ pé, "Èmi ni mo máa lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀." Kí ẹni náà sì mọ̀ ọ́n, kí arúgbó náà sì mọ̀ ọ́n. Ìyá ẹlẹ́ní gbọ́ ohùn wa lóru yẹn, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan láàárín wa tí ó jẹ́ tirẹ̀ láti wá.

Èkejì, kí a fi ọ̀dà fa ìlà sára ògiri ilé ìwé níbi tí omi dé, kí a kọ oṣù àti ọdún sí i. Ẹ̀yin àgbà tó rántí ti ìgbà èwe mi, ẹ wá fi ọwọ́ hàn wá kí ẹ tó sinmi. Ìlà yẹn ni orin tiwa. Kí a sì ri òpó kan mọ́lẹ̀ létí odò, kí a fa ìlà sára rẹ̀, kí ọmọ ilé ìwé kan máa kọ ibi tí omi dé sílẹ̀ láràárọ̀ láti Oṣù Kẹsàn-án títí òjò yóò fi dá. Bí ó bá rí i pé omi ń gòkè nígbà tí òjò kò rọ̀ níbí, kó sáré wá sọ.

Bí ó bá sọ, kí ló kù? Agogo. Bàbá Lèmọ́mù, gbohùngbohùn mọ́sáláásí dé ìsàlẹ̀. Bàbá Pásítọ̀, aago ṣọ́ọ̀ṣì dé òkè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣe àdéhùn lórí ìró kan tí kò jọ ti àdúrà, tí kò jọ ti òkú, tí ọmọ ọdún márùn-ún á gbọ́ tí á mọ̀ pé omi ni. Kí ọkọ̀ mẹ́ta wà ní ìmúrasílẹ̀ lóru ní gbogbo Oṣù Kẹwàá, pẹ̀lú àjẹ̀ wọn, pẹ̀lú epo fún èyí tó ní ẹ́ńjìnnì.

Lọ́dọọdún, NiMet, àjọ ìjọba tó ń wo ojú ọjọ́, máa ń sọ bí òjò ṣe máa rí, NIHSA, àjọ ìjọba tó ń wo odò, sì máa ń sọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí omi lè ya wọ̀. Kí akọ̀wé wa lọ wá a, kó túmọ̀ rẹ̀ fún wa ní ìpàdé àkọ́kọ́ ọdún. Nọ́ńbà LASEMA, àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí ọ̀ràn pàjáwìrì, ni 767, tàbí 112. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù yín báyìí, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwa kì í dúró nínú ìjì, ibi tí wọ́n sì ti ń bọ̀ jìnnà. Títí wọ́n á fi dé, àwa náà ni.

Ìwé tí a bá kọ yìí, ẹ̀dà méjì ni ká ṣe. Kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ Bàbá Baálẹ̀. Kí a gbé èkejì lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀. Ẹni tí ẹ̀gún gún ní í ṣe lákáǹláká tọ alábẹ lọ. Tí a bá gbé orúkọ àti ìlà omi ọdún mẹ́ta síwájú wọn, tí a sọ pé gọ́tà la fẹ́, tàbí ọ̀nà, tàbí ọkọ̀ kan tó ní ẹ́ńjìnnì, wọn kò ní lè sọ pé àwọn kò mọ̀ pé ẹnì kan ń gbé ibẹ̀.

Mo ti ra ìwé náà wá. Òun nìyí, ìwé eléwé ọgọ́rin, mo ti fa ìlà sí i lálẹ́ àná. Akọ̀wé, ẹ bá mi gbà á. Ojú ewé àkọ́kọ́, mo fi í sílẹ̀ fún ilé tó kẹ́yìn létí odò, lẹ́yìn igi ọ̀gọ̀rọ̀. Wọ́n ti kọ́ ilé mìíràn sójú ibẹ̀ báyìí, mo rí aṣọ lórí okùn nígbà tí mò ń bọ̀ láàárọ̀.

Ta ló ń gbé ibẹ̀? Ṣé ó wà níbí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún wa.